Kí Ló Gbé E Dání?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan ò jẹ́ kí etí mi sinmi. Mo lè wà lẹ́nu iṣẹ́, mo lè wà nídìí sítóòfù, iná pupa lè dá mi dúró lójú títì, ìbéèrè náà á tún yọjú: kí ló gbé e dání? Èmi kọ́ ni wọ́n tilẹ̀ bi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mú òòlù lọ́wọ́ ni wọ́n bi í, níbi tó ti ń tú apá irin iwájú katakata kékeré kan, nínú oko kan lẹ́yìn Houston ní Texas. Ó jọ pé òun ti gbàgbé. Èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ àgbẹ̀ kọ́ ló gbé mi wá sí Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ra ilẹ̀ sẹ́yìn ìlú, wọ́n ń gbin ewédú, ata rodo, ilá àti ewúro síbẹ̀, wọ́n sì ń sin ewúrẹ́. Bí Sátidé bá bọ́ sí ìgbà tí mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Afẹ́fẹ́ ni mo máa ń sọ pé mo ń lọ gbà. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń kí mi káàbọ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń tú u

Ẹni tó bá ti rí pélódà tó ń da yanrìn sínú típà rí ti mọ irú apá tó wà níwájú katakata Bọ̀ọ̀dá, tiwọn kàn kéré ni. Apá irin méjì nà síwájú katakata, bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lẹ́nu wọn, ọ́ìlì tó ń gba inú họ́ọ̀sì ló ń gbé wọn sókè, òun náà ló ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Lára pélódà ńlá tí wọ́n fi ń la títì, apá yẹn kì í kúrò. Ti katakata kékeré ṣeé tú, ó sì ṣeé dá padà. Àwọn tó ń ṣe é jáde ti tún un ṣe débi pé, lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹnì kan ṣoṣo lè tú u láìmú sípánà dání.

Kí ló dé tí èèyàn á fi tú u? Apá náà wúwo, iwájú sì ni ìwúwo rẹ̀ wà nígbà gbogbo, iṣẹ́ ì báà wà fún un, ì báà má sí. Táyà iwájú á máa tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, katakata á gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní rí àyè yí láàárín ebè, ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ ò sì ní rí iwájú dáadáa. Bí òtútù bá ti lọ, tí koríko ń yọ, Bọ̀ọ̀dá máa ń tú apá náà sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko etí wáyà tó yí oko ká. Aládùúgbò wọn kan, òyìnbó tó ti ń ṣe àgbẹ̀ látìgbà èwe rẹ̀, kì í tú tirẹ̀ láéláé. Ó ní wàhálà àtidá a padà ju èrè rẹ̀ lọ. Mi ò bá a wí. Ẹni tí kò bá ní fara balẹ̀ tú u, kó kúkú fi í síbẹ̀.

Píìnì tó kọ̀ jálẹ̀

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọ àbúrò Bọ̀ọ̀dá tó wá lo ìsinmi ló ní òun máa tú u. Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti wo fídíò lóríṣiríṣi, ó sì ti dúró ti Bọ̀ọ̀dá nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ó gbé katakata dúró, ó fi jíà sí fúrì, ó fa bíréèkì, ó sọ apá méjèèjì kalẹ̀ títí bọ́kẹ́ẹ̀tì fi kan ilẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí ẹsẹ̀ ìdúró méjì tí wọ́n ká mọ́ abẹ́ apá náà. Píìnì méjì ló so apá náà mọ́ ara katakata, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó fa tọ̀tún, ó jáde wẹ́rẹ́. Ó fa tòsì, kò mira. Ó fẹsẹ̀ ti táyà, ó tún fà á, kò mira. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó mú òòlù jáde.

Bọ̀ọ̀dá ń bu omi fún àwọn ewúrẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn ò pariwo, wọn ò sì sáré. Wọ́n gbé omi sílẹ̀, wọ́n rìn wá, wọ́n dúró síbi tí ọmọ náà á ti rí wọn kó tó gbọ́ ohùn wọn.

"Dúró ná. Kí ló gbé e dání?"

"Kí ló gbé kí ni dání, sà?"

"Apá yẹn. Kí ló gbé e dání báyìí?"

Ọmọ náà wo bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Ilẹ̀ ni, sà. Mo ti sọ ọ́ kalẹ̀."

"Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ló gbé e dání, kí wá ni píìnì yẹn ń dì mọ́ sí?"

Ọmọ náà dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, nítorí mo ti ń wá ibi tí màá gbà dáhùn, mi ò rí i. Bọ̀ọ̀dá ò bá wa dáhùn. Wọ́n ní kí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ká wo abẹ́ rẹ̀, ká jìnnà sí i díẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ni a rí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ lápá òsì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ilẹ̀ lóòótọ́, ẹsẹ̀ ìdúró ọ̀tún náà fìdí kalẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo tí ọwọ́ lè gbà kọjá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì. Ìwúwo tó yẹ kó ti wà lórí ilẹ̀ lápá ibẹ̀ ṣì rọ̀ mọ́ píìnì.

Píìnì tí ohunkóhun ò gbé lé kì í sábà le. Ìka méjì tó o. Bó bá le, kí a kọ́kọ́ gbà pé ẹrù ló wà lórí rẹ̀, ibi tó yẹ kí a lọ sì ni orí àga, nídìí lífà, ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń darí apá náà, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Òòlù á yọ píìnì náà o, kò sí ìjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti yọ, apá irin náà á fúnra rẹ̀ wá ilẹ̀ tó ti ń wá láti àárọ̀, ẹni tó lù ú sì ti kúnlẹ̀ sáàárín. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú níí nini lára." Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ọ̀rọ̀ owó ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn sí láti kékeré. Mi ò gbọ́ ọ nídìí irin rí.

Ohun tí Bọ̀ọ̀dá wá ṣe lẹ́yìn náà ló wú mi lórí jù. Wọn ò ní kí ó wá òkúta ki sábẹ́ ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ dá píìnì ọ̀tún padà sí àyè rẹ̀, kó ká ẹsẹ̀ méjèèjì, kó gun orí àga, kó de bẹ́líìtì, kó sì gbé katakata lọ sórí kọnkéré tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kó bẹ̀rẹ̀ látorí ohun àkọ́kọ́. Ó ṣe é. Nígbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti fìdí kalẹ̀, ó rọra mi lífà, ó tẹ ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, apá náà sì dẹ̀ lára píìnì. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó fa píìnì òsì pẹ̀lú àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ rẹ̀, ó jáde. Ó wo píìnì náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ iṣẹ́ ní iwájú nìkan. Bí a bá ti fa píìnì kìíní, ojú wa á ti wà lára ìkejì, ìtìjú ni kí a dá èyí tó ti jáde padà. Mo rò pé ibẹ̀ ni èèyàn ti ń ṣèṣe jù, kì í ṣe nítorí pé kò mọ iṣẹ́, bí kò ṣe pé kò fẹ́ kí ẹni tó ń wò ó rí i pé òun ń padà sẹ́yìn.

Ní wọ́ọ̀dù

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dún létí mi ni pé iṣẹ́ tèmi gan-an nìyẹn, mi ò sì fi ẹnu ara mi bi ara mi ní ìbéèrè náà rí. A ní ẹ̀rọ kan tí a fi ń gbé aláìsàn tí kò lè dìde láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sínú àga. Aṣọ líle ni a ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, a ó fi aṣọ náà kọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á gbé e. A ó ti fún bíréèkì táyà àga náà pa kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tí yóò tú ìkọ́ aṣọ kí ìdí aláìsàn tó jókòó dáadáa, kí aṣọ náà sì tó dẹ̀. Bí ìkọ́ bá le láti tú, ara èèyàn ṣì wà lórí rẹ̀. A ó tún sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ sí i. A kì í fa ìkọ́.

Wọ́n kọ́ mi ní èyí ní ìlànà kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ìlànà dára, òun ló ń gbà wá nígbà tí ó rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ìlànà máa ń ṣìnà bí ohun kan bá yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ọmọ tó mú òòlù yẹn kò fo ìgbésẹ̀ kankan. Ó sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ó ṣí ẹsẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wí. Ilẹ̀ ló rẹlẹ̀, ìwé ò sì lè mọ ilẹ̀ ẹni. Ẹni tó bá mọ ìbéèrè tí gbogbo ìgbésẹ̀ yẹn ń dáhùn ni yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ò tíì parí níbẹ̀.

Ẹ má gbọ́ mi ṣì o. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ju ìwé tó bá ẹ̀rọ wá sí kọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ yàtọ̀ síra wọn. Òmíràn ò ní píìnì rárá, ìkọ́ tó ń pa ara rẹ̀ dé ló ní. Òmíràn ní kí o ṣí ẹsẹ̀ ìdúró kí o tó sọ apá kalẹ̀ tán. A kì í dé ojú ogun ká tó máa gbẹ́ ọfà: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí a ti ka ìwé náà, kì í ṣe nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí ọwọ́ ti dọ̀tí.

Ẹ́ńjìnnì kú, agbára ò kú

Bí píìnì méjèèjì bá ti jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn á mí kanlẹ̀. Kò tíì tó àkókò. Wọ́n á tún gun orí àga, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi lífà rọra gbé òpó ẹ̀yìn apá náà kúrò nínú ihò tó jókòó sí lára katakata. Gbogbo rẹ̀ orí àga ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sì gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ níwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, tí yóò ku họ́ọ̀sì.

Ibí ni Bọ̀ọ̀dá tún ti bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó na ọwọ́ sí họ́ọ̀sì. Apá ti wà lórí ilẹ̀, ó dáa. Ọ́ìlì tó wà nínú họ́ọ̀sì ńkọ́, kí ló ń tì í? Nínú katakata kékeré, ẹ̀rọ máa ń fi agbára tó tó 2,000 sí 2,500 pọ́n-ùn lórí íǹsì kan níbùú lóròó ti ọ́ìlì náà, òmíràn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà mọ́tò tí à ń gùn kì í sábà ju 35 lọ. Pípa ẹ́ńjìnnì á dá ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì dúró, kò ní tú èyí tó ti há sínú họ́ọ̀sì àti sílíńdà sílẹ̀. Ohun tó ń tú u ni kí èèyàn, lẹ́yìn tó ti pa ẹ́ńjìnnì, mú lífà, kó tì í síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì, kó sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Irin á mì díẹ̀, ọ́ìlì á padà sínú táǹkì rẹ̀, họ́ọ̀sì á dẹ̀. Nígbà náà ni ẹnu họ́ọ̀sì á jáde pẹ̀lú ọwọ́ lásán.

Nǹkan méjì wà nínú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé apá tí wọ́n gbé sókè lè sọ̀kalẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ kú. Ìwúwo rẹ̀ nìkan tó láti sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹnìkan bá ti fọwọ́ kan lífà. Ọmọ kékeré tó gun orí àga láti fi ṣeré "mò ń wa mọ́tò" lè sọ ọ́ lé ẹni tó wà nísàlẹ̀ lórí. Nítorí náà, Bọ̀ọ̀dá kì í kúrò lórí àga bí bọ́kẹ́ẹ̀tì kò bá sí lórí ilẹ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n fẹ́ lọ ṣí géètì lásán.

Ìkejì jẹ mọ́ iṣẹ́ mi. Họ́ọ̀sì tó ti gbó máa ń lu ihò tí ojú ò lè tètè rí, ọ́ìlì tó ń gba ibẹ̀ jáde sì lágbára débi pé ó lè gún awọ ara wọlé. Ẹni tó bá fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò lè má mọ̀ ju pé nǹkan ta òun ní ìka. Ojú ọgbẹ́ náà kéré, ó lè má dùn ún púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ á sì rò pé ẹ̀gún ni. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì náà ti ń bá iṣan lọ nínú ọwọ́, ẹran ara sì ti ń kú. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń wò ó, kíákíá, bí wákàtí bá sì ti ń kọjá ni ewu pé wọ́n á gé ìka tàbí ọwọ́ náà ń pọ̀ sí i. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí i yín, ẹ má dúró dìgbà tó máa wú. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ sì sọ fún ẹni tó kọ́kọ́ gbà yín pé ọ́ìlì ẹ̀rọ tí agbára ń tì ló wọ inú ara, kí wọ́n má baà lẹ pílásítà mọ́ ọn kí wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé. Páálí ni wọ́n fi ń wá ibi tí họ́ọ̀sì ti ń jò, ọ́ìlì á kọ àmì sára rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ò tó.

Ilẹ̀ tó ń rìn

Ilẹ̀ apá ibi tí Bọ̀ọ̀dá wà yẹn, amọ̀ dúdú ni. Bí òjò bá rọ̀, á wú, á máa lẹ̀ mọ́ bàtà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á sán débi pé ọmọ ewúrẹ́ lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá tú apá pélódà sílẹ̀ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan kò ní bá a bó ṣe fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kan á ti rì, òpó méjèèjì ò ní dọ́gba mọ́, àtidá a padà á wá di ìjà. Lórí kọnkéré ni Bọ̀ọ̀dá ń fi tiwọn sí. Níbi tí kò bá sí kọnkéré, pákó tó nípọn tó sì fẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì àti lábẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì á ṣe é.

Mo ní lábẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà wà lára ohun tó ń gbé e dúró. Ẹsẹ̀ ìdúró méjì wà lẹ́yìn, bọ́kẹ́ẹ̀tì wà níwájú. Àwọn kan máa ń yọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò, wọ́n á fi fọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń gbé pálẹ́ẹ̀tì tàbí ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń kó igi rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn apá yìí ni wọ́n ṣe pé bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kó wà lẹ́nu wọn nígbà tí a bá fẹ́ tú wọn. Bí fọ́ọ̀kì bá wà níbẹ̀, ìwúwo á yí àyè padà, gbogbo rẹ̀ sì lè ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn tí katakata bá ti fà sẹ́yìn.

Dídá a padà

Aládùúgbò yẹn kò parọ́, ìdápadà ló nira jù. Èèyàn á rọra wa katakata wọ àárín òpó méjèèjì, ní jíà tó lọ́ra jù, ní ọ̀nà tó tọ́. Gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló máa ń fẹ́ ran awakọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á dúró síwájú, wọ́n á máa juwọ́: "Wá díẹ̀, wá díẹ̀." Àárín katakata àti apá irin ni wọ́n dúró sí yẹn o! Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ lórí pẹ́dà, kò sí ibi tí wọ́n máa sá sí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tó jìnnà, kí awakọ̀ máa rí i. Bí awakọ̀ ò bá rí i mọ́, kó dúró síbi tó dé.

Oòrùn Texas tún ní tirẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ooru máa ń kọjá 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ́ìlì tó wà nínú họ́ọ̀sì tí wọ́n ti pa ẹnu rẹ̀ dé á gbóná, á fẹ̀, kò sì ní ibi tó máa gbà jáde. Bí ẹ bá fẹ́ ki ẹnu họ́ọ̀sì padà sí àyè rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kò ní wọlé. Wọ́n tún máa ń rántí òòlù níbẹ̀. Ohun tí Bọ̀ọ̀dá ń ṣe ni pé wọ́n ń fi tapólì bo họ́ọ̀sì, wọ́n sì ń fi ìdápadà sí àárọ̀ kùtù nígbà tí irin ṣì tutù. Lápá ti katakata, wọ́n á kọ́kọ́ mi lífà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ti kú, bí wọ́n ti ṣe nígbà tí wọ́n ń tú u.

Họ́ọ̀sì mẹ́rin ló máa ń wà lára ọ̀pọ̀ wọn, àwọ̀ sì wà lẹ́nu kọ̀ọ̀kan láti fi mọ ibi tó ń lọ. Bí wọ́n bá pààrọ̀ méjì, ẹ ó ní kó gbé sókè, á tẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó tilẹ̀ burú jù ni ẹnu họ́ọ̀sì tó wọlé àbọ̀. Ọ́ìlì lè ráyè lọ kó má ráyè bọ̀, apá á gòkè, á kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan á rìn wọ abẹ́ rẹ̀ láti lọ wo ohun tó fà á. Mo rò pé ẹ ti mọ ìbéèrè tó yẹ kó béèrè kó tó rìn wọ ibẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wà ní àyè wọn, tí píìnì ti wọlé, tí ìdè kékeré tó ń dí píìnì náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá á gbé apá náà sókè díẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á tẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì síwá sẹ́yìn, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á tún yí gbogbo rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó fi gbé ẹrù. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbé ẹrù tó wúwo, wọ́n á so nǹkan tó wúwo mọ́ ẹ̀yìn katakata, kí táyà ẹ̀yìn má baà gbéra nílẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹrù náà wà nísàlẹ̀ bí wọ́n bá ń rìn.

Férémù ò bá ẹ sọ̀kalẹ̀

Orílẹ̀-èdè Sweden ló kọ́kọ́ ṣòfin, ní 1959, pé kí katakata tuntun máa ní férémù irin tó ga lókè àga, kó má baà tẹ awakọ̀ pa bó bá dojú dé. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ tó kan katakata tí òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́ ń wà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀wàrà 1976. Ìdojúdé katakata ṣì wà lára ohun tó ń pa àgbẹ̀ jù níbí, férémù àti bẹ́líìtì sì ti gba ẹ̀mí tí kò níye là. Mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú òfin yẹn.

Ṣùgbọ́n orí àga ló ti ń dáàbò bo èèyàn. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ láti lọ fa píìnì ti fi férémù sílẹ̀ sókè. Kò sí irin kankan tí wọ́n ṣe fún orókùn tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá pélódà. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí ẹnìkan fi kọ́ ọ nìkan ló bá a sọ̀kalẹ̀.

Típà ní Ìbàdàn

Mo ní àbúrò kan ní Ìbàdàn tó ń tún típà ṣe. Katakata tó ní apá pélódà ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọ́ìlì kan náà ló ń gbé bọ́dì típà dúró tó fi ń da yanrìn, abẹ́ bọ́dì yẹn sì ni òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wọ̀ lójoojúmọ́ láti fa girísì àti láti tú páńbù. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, mo sọ ìtàn píìnì fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti di àgbẹ̀ l'Ámẹ́ríkà." Ó ní ọ̀gá òun ti kọ́ òun látìgbà tí òun wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa wọ abẹ́ típà tí wọn ò fi igi tì.

Mo béèrè irú igi wo. Ó ní igi tí wọ́n bá rí. Mo béèrè pé orí kí ni ẹsẹ̀ igi náà ń dúró sí, ṣé kò lè yọ̀. Kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, fọ́tò mẹ́ta ló fi ránṣẹ́. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti igi náà, igi kan tí wọ́n ti lò débi pé orí rẹ̀ ti là. Ìkejì jẹ́ ti ọ̀pá irin tó bá típà kan wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tí wọ́n fi ń ti bọ́dì rẹ̀ gan-an. Ó ti tẹ̀, ẹrù igi ìdáná wà lórí rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ìkẹta, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ló mú téèpù, ó ń wọn ìwọ̀n gígùn rẹ̀.

Ó ní wẹ́dà tó wà níwájú ọ̀nà wọn lè rọ òmíràn láti ara irin páìpù tó nípọn, kó sì fi ìdè mọ́ ṣaṣí kí ẹnikẹ́ni má baà tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó fẹ́ kó jẹ́ méjì, nítorí àwọn típà tí wọ́n ń gbé wá kò ga bákan náà. Mo ní kó béèrè iye rẹ̀. Ó ní òun ti béèrè, àmọ́ wẹ́dà ní kí àwọn kọ́kọ́ mú típà náà wá kí òun wẹ́dà wọ̀n ọ́n fúnra òun, torí òun ò gba ìwọ̀n ọmọ iṣẹ́ gbọ́.